"Dáírẹ́ẹ̀tì" Kì Í Ṣe Àtúnṣe

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa, láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún iná ilé ṣe. Bí súìsì kan bá ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́, wọn yóò ní, "Ẹ jẹ́ ká fún un ní dáírẹ́ẹ̀tì." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí wọ́n yọ súìsì náà kúrò lójú ọ̀nà, kí wọ́n so wáyà méjèèjì pọ̀, kí iná sì máa kọjá lọ ní tààrà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ súìsì ààbò tó wà lára tọ́ọ̀ṣì ẹ̀rọ ìgérin pílásímà ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún, èrò tèmi ni pé kì í ṣe àtúnṣe ni wọ́n ṣe. Pàkúté ni wọ́n dẹ, ẹni tí yóò sì kó sí i lè má sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dẹ ẹ́.

Àwọn ajórin wa mọ ẹ̀rọ yìí. Òun ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gáàsì àti kábáàdì nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gé irin pẹlẹbẹ fún géètì, táńkì àti ọkọ̀ akẹ́rù. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú tọ́ọ̀ṣì, iná mànàmáná ń gba inú afẹ́fẹ́ náà kọjá, gbogbo rẹ̀ sì ń tú jáde láti ojú ihò tín-ín-rín pẹ̀lú ooru tó lè tó 20,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Irin fúnra rẹ̀ ti ń yọ́ ní nǹkan bí 1,500. Ẹran ara ńkọ́?

Ooru nìkan kọ́ ni ewu ibẹ̀. Ẹ̀rọ ìjórin tí a mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kì í sábà ní ju 100 fóòtì lọ lẹ́nu, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ajórin fi ń fojú kékeré wo iná tó bá gbá wọn lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn pàápàá lè pa ẹni tí ara rẹ̀ tutù. Ti ẹ̀rọ pílásímà lè wà láàárín 200 sí 400 fóòtì. Ẹni tó bá fi ojú tó fi ń wo ti àkọ́kọ́ wo èkejì ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Nítorí èyí ni àwọn tó ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà fi fi súìsì kékeré kan sí orí tọ́ọ̀ṣì. Bí ìdérí iwájú tọ́ọ̀ṣì bá wà ní ipò rẹ̀, tí wọ́n sì dè é le dáadáa, yóò tẹ súìsì náà, ẹ̀rọ yóò sì gbà láti ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá tú ìdérí náà, ẹ̀rọ kò ní dáhùn, bí wọ́n tilẹ̀ tẹ bọ́tìnì. Ẹ rántí pé àwọn bàbà kéékèèké tó wà lábẹ́ ìdérí yìí máa ń jẹ, a sì gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ wọn lóòrèkóòrè. Ta ni wọ́n sábà máa ń rán ní iṣẹ́ yìí? Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni. Òun ni yóò tú ìdérí, tí yóò fi ìka mú bàbà, nígbà tí ẹ̀rọ ṣì wà lórí iná ní ìkángun ṣọ́ọ̀bù. Bí orúnkún rẹ̀ bá ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì, súìsì yẹn ló dúró láàárín òun àti ikú.

Mo mọ àwíjàre àwọn ọ̀gá iṣẹ́. Oníbàárà ń pariwo, epo jẹnẹrétọ̀ ń jó lọ, súìsì náà kò sì rọrùn láti rí rà. Wọn yóò ní bí ọmọ iṣẹ́ bá gbọ́n, kí ó pa ẹ̀rọ kí ó tó tú ìdérí. Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kí ó rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà nígbà gbogbo yóò gbàgbé lọ́jọ́ kan. Nítorí ọjọ́ kan yẹn ni wọ́n ṣe fi súìsì síbẹ̀. Ẹni tó so wáyà pọ̀ lónìí mọ ohun tó ṣe. Ọmọ tí yóò wọṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kò mọ̀.

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Nígbà mìíràn, súìsì náà kò tilẹ̀ bàjẹ́. Ó lè jẹ́ pé ìdérí ni kò le tó, tàbí pé ibi tí wọ́n fi ń dè é ti jẹ, tàbí pé eruku irin ló dí i, tàbí pé wáyà ló já níbi tí wọ́n ti ń ká okùn tọ́ọ̀ṣì sọ́tùn-ún sósì. Ẹni tó bá fún un ní dáírẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀ ti pa ẹlẹ́rìí kí ó tó gbọ́ ẹjọ́.

Bí ó bá sì bàjẹ́ lóòótọ́, pípààrọ̀ rẹ̀ kò le fún ẹni tó mọ iṣẹ́ iná. Kí ó pa ẹ̀rọ, kí ó yọ ọ́ kúrò lára iná pátápátá, kí ó ti afẹ́fẹ́, kí ó sì dúró fún iye ìṣẹ́jú tí ìwé ẹ̀rọ náà bá sọ, nítorí iná ṣì máa ń wà nípamọ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò tú ọwọ́ tọ́ọ̀ṣì, tí yóò wo bí wáyà ṣe lọ, tí yóò yọ súìsì àtijọ́, tí yóò sì fi èyí tó bá irú tọ́ọ̀ṣì náà mu rọ́pò rẹ̀. Kí ẹ̀rọ tó padà sórí iná, mítà ni yóò jẹ́rìí. Lára ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì, iná gbọ́dọ̀ lè kọjá nínú súìsì nígbà tí ìdérí bá le, ó sì gbọ́dọ̀ já nígbà tí wọ́n bá tú u.

Òfin tó de àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní 1987, kò fàyè gba kí òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba ohun èlò ààbò jẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń rí aṣojú ìjọba ní ṣọ́ọ̀bù etí títì? Nítorí náà, ọwọ́ wa ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹ̀yin tó ń ta bàbà tọ́ọ̀ṣì ní Ládípọ̀ àti Owódé Onírin, ẹ máa kó súìsì rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ajórin, ẹ fi òfin dè é nínú ìpàdé yín, kí ẹ sì bi ọmọ iṣẹ́ léèrè nípa rẹ̀ kí ó tó gba òmìnira. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ ní sùúrù bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ ń dúró de súìsì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Bí ọdẹ aṣọ́lé bá ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, ọdẹ mìíràn ni a ń gbà. A kì í tìtorí rẹ̀ yọ ilẹ̀kùn. Ọ̀gá tó bá ti so wáyà méjèèjì pọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà mọ́ títí súìsì tuntun yóò fi dé. A lè fi ọjọ́ méjì dúró de súìsì. Ìka ọmọ ọlọ́mọ kò ní sípíà lọ́jà kankan.