Fọ Ìgò, Má Fọ́ Ìgò

Ọ̀rọ̀ ọtí ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé mo ti di ọ̀mùtí. Ọ̀rọ̀ èdè ni.

Ní ìsinmi kan, mo kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi, àgbà obìnrin tí ó mọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ pípọn dájú. Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe nípa fífi ọwọ́ ṣe iṣẹ́. Kí a tó dé, Ìyá ti rẹ àgbàdo, ó ti hù, wọ́n ti sá a, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n ti sè é, wọ́n sì ti sẹ́ ẹ. Ọtí ti ń hó nínú ìkòkò. Ó ku kí ó wọ inú ìgò. Èmi ọ̀mọ̀wé ni mo kọ ìlànà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: "Ẹ fọ ìgò. Ẹ da ọtí sí i. Ẹ dí ẹnu rẹ̀. Ẹ gbé e pamọ́."

Wọ́n ṣe gẹ́gẹ́ bí mo ti wí. Wọ́n fi ọṣẹ fọ ìgò wáìnì tí ó ti ṣófo, wọ́n da ọtí kún un títí dé ẹnu, wọ́n sì lọ́ ìdérí rẹ̀ pinpin. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, a gbọ́ "gbàù!" Ìgò méjì ti fọ́ túútúú. Àfọ́kù kan ha ògiri níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀ ni, bóyá ojú rẹ̀ ni ìbá fọ́. Èyí tí kò fọ́ nínú àwọn ìgò náà, òórùn ọṣẹ ló ń rùn.

Ìyá ní kí n ka ìwé mi sí àwọn létí. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n mi orí.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ní kí wọ́n fọ̀ ọ́, o kò ní kí wọ́n ṣàn án. O ní kí wọ́n dà á, o kò ní kí wọ́n rọ ọ́. Ọtí tí ó ń hó, a kì í dí i. Dídé ni à ń dé e."

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ àgbà yìí wò. Fífọ̀ ni à ń fi ọṣẹ mú ìdọ̀tí kúrò. Ṣíṣàn ni à ń fi omi mímọ́ mú ọṣẹ náà kúrò. Ìgò tí ẹnu rẹ̀ há kò gba kànrìnkàn. Omi àti iyanrìn díẹ̀ ni à ń dà sínú rẹ̀, tí a ó mì í kíkankíkan, tí a ó ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí a tó dorí rẹ̀ kodò kí omi ro tán. Ẹ sì kíyè sí i pé àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó wà láàrin "fọ ìgò" àti "fọ́ ìgò". Ẹni tí ó bá ní àmì ohùn kò ṣe pàtàkì, kí ó wá kọ ìlànà yìí láìfi àmì sí i.

Ohun tí a bá dà lè dà nù. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá rọ, ẹnu tóóró ni ó ń gbà wọlé, díẹ̀díẹ̀. Láti ara rọ ni a ti rí àrọ tí à ń fi sí ẹnu ìgò. Ẹni tí ó bá ń rọ ọtí yóò fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀ nínú ìkòkò, yóò sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dáwọ́ dúró.

Dé àti dí ni ó kù. Ìwúkàrà ń jẹ ṣúgà inú ọtí, afẹ́fẹ́ sì ń ti ibẹ̀ jáde. Omi orí iná ń hó. Ọtí tí kò sí lórí iná náà ń hó. Èdè wa ti rí i pé àwọn méjèèjì ń wá ọ̀nà àbáyọ. Ìdí nìyí tí ẹlẹ́mu fi ń fi ewé sí ẹnu akèrègbè, kí ó lè mí.

Èrò mi nìyí: kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni ó wọ́n wa, lílò rẹ̀ ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ronú kí n tó kọ ìlànà mi, mo sì mú ọ̀rọ̀ Yorùbá kọ̀ọ̀kan tí ó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni à ń kọ́ àwọn ọmọ wa: ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀rọ̀ kan, bí ẹni ń ṣe pàṣípààrọ̀ owó.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀rọ ni ó ń rọ ọtí báyìí, láti ọdún 1949 tí ìgò Star àkọ́kọ́ ti jáde ní Iganmu, l'Ékòó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń rọ sóbò àti kúnú sínú ike ní àdúgbò yín? Ọwọ́ ènìyàn ni. Iṣẹ́ ṣì wà fún àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ní Kúbà, àwọn Lùkùmí ṣì ń ṣe ohun mímu kan tí wọ́n ń pè ní chequeté, tí wọ́n ń fi àgbàdo àti ọsàn kíkan ṣe. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ wa ni ó sọdá òkun. Ìwé kọ́ ni ó gbé e dé ọ̀hún; ọwọ́ tí kò dẹ́kun ṣíṣe é ni.

Mo ti tún ìlànà mi kọ: "Ẹ fọ ìgò, ẹ ṣàn án, ẹ dorí rẹ̀ kodò. Ẹ rọ ọtí sí i, ẹ fi àyè ìka méjì sílẹ̀ lókè. Ẹ dé e, ẹ má dí i. Ẹ gbé e nàró síbi tútù tí oòrùn kò dé, kí ẹ sì mu ún láàrin ọjọ́ méjì sí mẹ́ta." Fìríìjì yóò mú kí híhó rẹ̀ falẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dá a dúró pátápátá.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Láti ìgbà náà, ìgò kankan kò tíì fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ire o.