Iṣẹ́ Abẹ Próstéètì Kì Í Sọ Ọkùnrin Di Obìnrin

Ẹ̀yin bàbá wa àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa ní Etikan àti ní gbogbo etí omi Ìlàjẹ, ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀ kan ni mo fẹ́ gbé síta. Ní èbúté, nínú ọkọ̀, lẹ́yìn ìsìn, ohun tí à ń gbọ́ ni pé ọkùnrin tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ próstéètì fún ti parí, kò ní lè bá ìyàwó sùn mọ́. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, bàbá àgbà á máa dìde lẹ́ẹ̀marùn-ún lóru, á dúró létí afárá pákó, á máa tiiri, ìtọ̀ á máa kán tó, tó, tó bí òrùlé tó ń jò. Yóò padà sórí ẹní, kò ní pẹ́ tí yóò tún dìde. Ẹ ní kó lọ rí dókítà, á ní kí wọ́n má sọ òun di obìnrin.

Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ náà ní orírun.

Àìsàn méjì la pa pọ̀ tí à ń pè ní próstéètì. Ọ̀kan ni kí próstéètì, ẹ̀yà ara tó wà lọ́nà ìtọ̀, kàn wú, ọjọ́ orí ló sì ń fà á. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọkùnrin tó wà láàárín ọdún 51 sí 60 ló ní in. Nígbà tí wọ́n bá fi lé ní 80, ó ń lọ sí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Kì í ṣe àtọ̀sí ìgbà èwe ló padà wá, kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ ni èkejì. Àwọn tiwa sábà máa ń jẹ́ kó tàn dé eegun kí wọ́n tó lọ sí ọsibítù, nígbà náà sì ni dókítà lè yọ kórópọ̀n méjèèjì, torí ohun tí kórópọ̀n ń ṣe sínú ẹ̀jẹ̀ ni jẹjẹrẹ náà fi ń dàgbà. Ọkùnrin tí wọ́n ṣe èyí fún, nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ yóò rọ lóòótọ́. Ó délé, àwọn ará ilé ní, "Próstéètì ni wọ́n ṣe fún un." Ibẹ̀ ni ìtàn ti lọ́, tí a wá ń fi ìyà ẹni tó ní jẹjẹrẹ dẹ́rù ba ẹni tí tirẹ̀ kàn wú.

Èyí tó wú, inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń yọ. Èèpo rẹ̀ á wà níbẹ̀, ìta èèpo náà sì ni àwọn iṣan tó ń mú nǹkan ọmọkùnrin dìde gbà kọjá. Kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kan kórópọ̀n. Nínú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní TURP, wọn kì í la ara rárá: irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná àti awò ni wọ́n ń kì gba ojú ihò ìtọ̀, tí wọ́n á sì gé ohun tó dí ọ̀nà ní wẹ́wẹ́. Bí ó bá tóbi ju nǹkan bí 80 gíráàmù lọ (ti ọ̀dọ́ kò ju nǹkan bí 20 lọ), tàbí tí ọsibítù kò ní irin ọ̀hún, wọ́n á la abẹ́ ìdodo, wọ́n á fi ìka yọ ọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1900 ni dókítà kan, Peter Freyer, ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ní London.

Ohun tó máa ń yí padà ni àtọ̀, n kò ní fi pamọ́. Ẹnu àpò ìtọ̀ kì í pa dé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí náà, lára ọ̀pọ̀ ọkùnrin, àtọ̀ á ṣẹ́rí padà sínú àpò, á bá ìtọ̀ jáde tó bá yá. Ara á dìde, adùn á wà, kò kàn ní tú síta ni. Ẹni tó ṣì ń wá ọmọ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó fọwọ́ sí ìwé. Àwọn díẹ̀ wà tí agbára wọn á dín, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ni àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá fínra tẹ́lẹ̀.

Ní 1985, nígbà tó ṣì wà lẹ́wọ̀n, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ próstéètì tó wú fún Nelson Mandela. Ó jáde ní 1990, ó di ààrẹ ní 1994, ní 1998, lọ́jọ́ tó pé ọgọ́rin ọdún, ó gbé Graça Machel níyàwó. Ṣé ẹni tó ti parí ló ń gbéyàwó? (Ní 2001 wọ́n wá rí jẹjẹrẹ lára próstéètì rẹ̀, torí èèpo tó kù yẹn ṣì lè ní in, ẹ má jáwọ́ nínú àyẹ̀wò.)

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, rọ́bà á wà lójú ìtọ̀, omi iyọ̀ á máa sọ̀ láti inú ike tí wọ́n fi kọ́ sókè, á máa fọ àpò ìtọ̀. Èyí tó ń jáde á kọ́kọ́ pupa, ìyàwó á fẹ́ ké. Tó bá dọjọ́ kejì, á ti ń mọ́. Rọ́bà TURP á kúrò láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ti lílà lè tó ọ̀sẹ̀ kan. Ìtọ̀ lè máa ta ni, kó sì máa sáré jáde fún ìgbà díẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ ò gbọdọ̀ gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ẹ ò gbọdọ̀ fa àwọ̀n, kò sì sí ìbálòpọ̀. Ó le fún apẹja, mo mọ̀; ẹ ṣètò ẹni tí yóò ròkun dípò yín.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló nílò abẹ o. Oògùn bíi tamsulosin ń tú ọ̀nà sílẹ̀, finasteride ń mú kí próstéètì súnkì, bó tilẹ̀ lè gba oṣù mẹ́fà. Agbo tí wọ́n rẹ sínú ògógóró ni kò sí nínú rẹ̀: ọtí lè mú kí ìtọ̀ há, àwọn oògùn kátáà kan sì lè há a. Bí ó bá há lóru, omi ló wà láàárín àwa àti ọsibítù ní Igbókòdá. Bí ó bá sì pẹ́ tó ti ń há díẹ̀díẹ̀, kíndìnrín ni yóò gba ẹrù náà. Ará Àkúrẹ́ lè máa fi òní dọ́la. Ará Etikan kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ẹ lọ nígbà tí ìtọ̀ ṣì ń kán. Dókítà á yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò, á fi ìka wo ìdí, kì í tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ mú ìyàwó yín dání, kí òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà.