Ta Ni Yóò San Owó Omíyalé Pakistan?

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ilé sílẹ̀ díẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí a yẹ ọ̀ràn ilẹ̀ Pakistan wò. Ọ̀ràn owó ni, ẹ̀yin oníṣòwò ni ó sì yẹ kí ó tètè yé.

Ní ọdún 2022, òjò ńlá rọ̀ ní ilẹ̀ náà. Ní ẹkùn Sindh, ní ìhà gúúsù, òjò oṣù Ògọ́ọ̀sì nìkan tó ìlọ́po méje èyí tí wọ́n máa ń rí. Omi bo òwú, ó wó ilé amọ̀, ó kó ẹran ọ̀sìn lọ. Ènìyàn tí ó lé ní 1,700 ni ó kú, ọ̀ràn náà sì kan mílíọ̀nù 33. Nígbà tí a ṣírò àdánù rẹ̀, ó ju bílíọ̀nù 30 dọ́là lọ. (Ọdún yẹn kan náà ni omíyalé pa ènìyàn tí ó lé ní 600 ní Nàìjíríà níhìn-ín, nítorí náà kì í ṣe ìtàn àjèjì ni mo ń sọ.)

Àwọn kan yóò wí pé àmúwá Ọlọ́run ni. Èmi kò jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tí wọ́n wádìí òjò náà sọ pé ooru tí ó ń pọ̀ sí i láyé lọ́wọ́ nínú líle rẹ̀, èéfín èédú àti ti epo ni ó sì ń fa ooru náà. Àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n tú èyí tí ó pọ̀ jù jáde. Ti Pakistan kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ibẹ̀ ju mílíọ̀nù 200 lọ.

Wàyí o, ní oṣù Jánúárì 2023 àwọn ìjọba àti àwọn báǹkì pàdé ní Geneva, wọ́n ṣe ìlérí owó tí ó ju bílíọ̀nù 9 dọ́là lọ. Báǹkì Ìdàgbàsókè Ìsìláàmù ti Jeddah dá bílíọ̀nù 4.2 nínú rẹ̀. Inú mi dùn, àfi ìgbà tí a tú ìdì náà wò: èyí tí ó pọ̀ jù jẹ́ owó yíyá. Bí iná láti ìsọ̀ aládùúgbò rẹ bá jó ìsọ̀ tìrẹ, tí ó wá wí pé òun yóò yá ọ lówó kí o fi tún un kọ́, ṣé ìwọ yóò dúpẹ́? Bí kò tilẹ̀ gba èlé, gbèsè ṣì ni.

Àwọn ìlú tálákà ti ń wí èyí fún ọjọ́ pípẹ́. Ní Sharm el-Sheikh, ní ìparí ọdún 2022, a gbà láti dá àpò kan sílẹ̀ fún irú àdánù báyìí. Ní Dubai, ní 2023, a ṣí i. Jámánì ṣe ìlérí mílíọ̀nù 100 dọ́là, àwọn Lárúbáwá ìlú Dubai àti Abu Dhabi ṣe ìlérí iye kan náà. Amẹ́ríkà ọlọ́rọ̀ mú mílíọ̀nù 17.5 wá! Nígbà tí ó di 2025, ó kúrò nínú ìgbìmọ̀ àpò náà pátápátá. Títí di ọdún yẹn, ìlérí gbogbo ayé sínú àpò náà kò pé bílíọ̀nù kan.

Ọ̀nà tí owó ń gbà dé ọwọ́ ẹni tí omi gbé tún jẹ́ ọ̀ràn mìíràn. Ní Sindh, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò ní ilẹ̀. Oko onílẹ̀ ni wọ́n ń dá, wọ́n ń pín ìkórè pẹ̀lú rẹ̀, òun ni ó sì ń yá wọn ní owó irúgbìn àti ajílẹ̀. Omi lè gbé òwú lọ, kì í gbé gbèsè lọ. Bí ìrànlọ́wọ́ bá gba ọwọ́ onílẹ̀ kọjá, kí ni yóò kù fún wọn?

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn. Ìjọba Sindh ń ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ láti tún ilé mílíọ̀nù 2.1 kọ́, inú àkáǹtì wọn ní báǹkì ni owó náà ń wọ̀, orúkọ obìnrin ilé ni a sì ń kọ sínú ìwé ilẹ̀. Obìnrin tí kò ní ilẹ̀ rí di onílé. Ṣùgbọ́n owó tí Báǹkì Àgbáyé yá Pakistan wà nínú iṣẹ́ yẹn, àwọn ọmọ obìnrin náà ni yóò sì san án.