Ilé-Ẹ̀kọ́ Lè Jìnnà, Igbó Kò Gbọdọ̀ Jìnnà

Ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí ẹ ń kàwé ní Enugu, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti wà ní ọdún àṣekágbá tí ẹ sì ń ro ohun tó kàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀rẹ́ mi kan tó kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ẹranko mú mi lọ sí adágún Nike. Ta ni kò mọ ibẹ̀ nínú wa? Ọmọ Yorùbá tó bá kọ́kọ́ rí orúkọ náà lára pátákó á rò pé Adéníkẹ̀ẹ́ kan ló ni omi náà, àfi ìgbà tí wọ́n bá là á yé e pé àwọn Ìgbò ará Nike ló ni ilẹ̀. Fọ́tò àti fàájì ni ọ̀pọ̀ wa ń bá lọ síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kò bá ti fàájì lọ. Ó dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, ó ń kọ gbogbo ẹyẹ tó rí àti èyí tó gbọ́ ohùn rẹ̀ sínú ìwé. Àwòdì ń rà bàbà lókè. Lékèélékèé, tí gbogbo wa ti tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀ rí, dúró létí omi. Bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ ilẹ̀ náà, wá bá wa. Ó fi píjìn ṣàlàyé pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni lékèélékèé ń pọ̀ níbẹ̀, pé bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn a máa gba Òkè Ọya lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní ohun tí ìwé òun wí gan-an nìyẹn.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe. Ó ní òun fẹ́ kàwé gboyè kejì nínú ìmọ̀ ẹranko igbó àti ìdáàbòbò wọn ní yunifásítì òkè òkun, ṣùgbọ́n òun kò ní kúrò ní Enugu. Orí kọ̀ǹpútà ni òun yóò ti máa gba ẹ̀kọ́. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ṣé orí kọ̀ǹpútà ni ẹranko ń gbé ni?" Kò dá mi lóhùn. Nígbà tí mo délé, ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ mi lẹ́nu mọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn kì í ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀lẹ. Láti 1858 ni Yunifásítì London ti ń gba ẹni tí kò tẹ ọgbà wọn láàyè láti ṣe ìdánwò wọn. Ọ̀nà yìí ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbà tó fi gboyè nínú ìmọ̀ ìṣòwò ní 1944, kó tó kọjá sí ìlú ọba lọ kọ́ òfin. Ìjọba wa náà dá National Open University sílẹ̀ ní 1983, wọ́n tì í pa ní 1984, ó sì di 2001 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jí i dìde. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fojú tẹ́ńbẹ́lú oyè tí a gbà láti ilé, kò mọ ìtàn ni.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Ìṣirò owó wà nínú ìwé, ẹtu kò sí nínú ìwé. Ẹni tó ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa ìgalà, tí kò rí ipa ẹsẹ̀ ìgalà rí, kí ló mọ̀? Èrò tèmi nìyí: kò sí ohun tó burú bí ilé-ẹ̀kọ́ bá jìnnà, bí igbó kò bá ti jìnnà.

Ẹ wò ó. Edinburgh Napier ní Scotland wà lára àwọn tó ti ń fi íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí. Ẹni tó bá fò lọ bá wọn, igbó Scotland ni yóò mọ̀. Ẹni tó bá jókòó síhìn-ín, tó ń fi ọgbọ́n tí wọ́n kọ́ ọ ka ẹyẹ Nike, ilẹ̀ wa ni yóò mọ̀. Ta ló wá jìnnà sí ẹ̀kọ́ nínú àwọn méjèèjì?

Iṣẹ́ sì pọ̀ nílẹ̀. Ẹyẹ kan wà tí wọ́n fi Ìbàdàn sọ lórúkọ, Ibadan malimbe, tí Elgood kọ nípa rẹ̀ fáyé ní 1958. Ní gbogbo àgbáyé, gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló wà, igbó IITA ní Ìbàdàn sì wà lára ibi tó kù sí. Igún ńkọ́? Àwọn baba wa ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún. Ṣùgbọ́n ní 2015, IUCN, àjọ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ẹ̀dá tó wà nínú ewu, ka igún mọ́ àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n run. Wọ́n ń fún wọn ní májèlé jẹ, wọ́n sì ń ta orí wọn fún oògùn. Ní Guinea-Bissau, igún tó lé ní 2,000 ni májèlé pa láàárín 2019 sí 2020. Bí gbogbo wa bá jápa, ta ni yóò ka èyí tó kù?

Ẹni tó bá lè fi ilé sílẹ̀, kó lọ sí A.P. Leventis Ornithological Research Institute nínú igbó Amurum lẹ́bàá Jos, tàbí Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí ti ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣiṣẹ́, tàbí ìyá ọlọ́mọ, kò lè lọ. Irú wọn ni ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn wà fún. Kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ní ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Àbújá bóyá wọn yóò gba ìwé ẹ̀rí náà wọlé. Kí wọ́n sì ṣírò owó dáadáa, nítorí owó pọ́n-ùn kì í ṣe ẹgbẹ́ náírà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fi ń parí ọ̀rọ̀. Láti 2015 ni Nigerian Bird Atlas Project ti pín orílẹ̀-èdè yìí sí ojú ilẹ̀ kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi kìlómítà 9 ní òró àti ní ìbú. Ẹni tó bá ní fóònù lè fi BirdLasser kọ ẹyẹ tó rí ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa máa yan Sátidé kan lóṣù fún adágún Nike. Ká kọ orúkọ àwọn ẹyẹ náà ní Yorùbá, ká sì bi àwọn bàbá Nike ní orúkọ wọn ní Ìgbò. Ẹni tó bá ti ṣe èyí fún ọdún kan ti ní igbó lọ́wọ́. Nígbà náà, bó bá fẹ́, kó wá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ dé ìpẹ̀kun ayé.

Ọ̀rẹ́ mi, mo tọrọ àforíjì ẹ̀rín ọjọ́ sí. Ìgbà wo la tún ń lọ?