Àwòrán Gba Ojú Fóònù, Àmọ́ Dátà Ti Lọ

Èrò kan ti gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ń kọ́ ojú-òpó íntánẹ́ẹ̀tì fún ìlú, ẹgbẹ́ àti ilé ìjọsìn: bí àwòrán bá ti gba ojú fóònù, iṣẹ́ parí. Irọ́ ni. Àwọn tó ń ra dátà ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù ló ń san gbèsè irọ́ náà.

Ká ní ẹnì kan ya ìdídò odò Ọ̀tìn ní Èkó-Ẹndẹ, tí àwòrán rẹ̀ fẹ̀ tó píksẹ́lì 4000, tó sì ga tó 3000. Píksẹ́lì mílíọ̀nù 12 nìyẹn; fáìlì rẹ̀ lè tó 4MB. Ẹni tó kọ́ ojú-òpó wá tẹ max-width: 100% sí i, àṣẹ tí kì í jẹ́ kí àwòrán fẹ̀ ju àyè rẹ̀ lọ. Àwòrán súnkì, ó jókòó dáadáa, inú oníṣẹ́ dùn. Ṣùgbọ́n fóònù ti gba 4MB yẹn wọlé tán kó tó dín in kù! Fóònù tí ojú rẹ̀ kò ju píksẹ́lì 720 ní fífẹ̀, bí ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ṣe rí, kò lò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 31 lára píksẹ́lì tó gbà. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá lójú ewé kan, 40MB ti wọlẹ̀.

Àròkọ tí Ethan Marcotte, oníṣẹ́ ojú-òpó íntánẹ́ẹ̀tì kan, kọ ní 2010 ló sọ àwòrán tó ń súnkì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ dúró sí. Iṣẹ́ kò dúró síbẹ̀. Láti 2014 ni Chrome, ètò tí a fi ń wo ojú-òpó, ti ń lo srcset àti picture, ọ̀nà méjì láti pèsè ẹ̀dà àwòrán tó ju ẹyọ kan lọ. Oníṣẹ́ á ṣe àwòrán kan náà ní fífẹ̀ 480, 720 àti 1440, á to gbogbo wọn sínú srcset, á fi sizes sọ ìwọ̀n àyè tí àwòrán máa gbà. Fóònù fúnra rẹ̀ á mú èyí tó tó o kó tó gbé ohunkóhun wọlé.

Àwọn kan á ní 4G ti dé, kí ni wàhálà? Ìyára nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dín owó dátà kù. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, NCC, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fowó lé iye tí wọ́n ń gbà, tó lè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún.

Owó nìkan sì kọ́. Àwòrán tó kó gbogbo ògiri ìdídò àti omi ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ dùn ún wò lórí kọ̀ǹpútà. Lórí fóònù, àwọn òṣìṣẹ́ tó dúró lórí ògiri á kéré bí èèrà. Picture ló ń jẹ́ kí oníṣẹ́ gé àwòrán sún mọ́ wọn fún fóònù, kó sì fi èyí tó gbòòrò sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Max-width kò lè ṣe ìyẹn láéláé.