Ìjà Kọ́ Ló Ń Tú Ilé Ká

Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ìtàn obìnrin tó tọ babaláwo lọ rí, tó ní ojoojúmọ́ ni òun àti ọkọ òun ń jà. Babaláwo gbé ìgò omi kan fún un. Ó ní bí ọkọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn líle, kó bu omi náà sẹ́nu. Kò gbọdọ̀ gbé e mì, kò sì gbọdọ̀ tu ú títí ọkọ yóò fi dákẹ́. Oṣù kan kò pé, ìjà tán nílé. Obìnrin padà lọ dúpẹ́, ó ní kí bàbá fún òun sí i. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní omi odò lásán ni.

Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń parí ìtàn náà sí. Mo ti gbọ́ ọ níbi ìdána, mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣègbéyàwó. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa rí bí ilé náà ṣe rí lọ́dún kejì. Kò sẹ́ni tó bi obìnrin náà pé ọ̀rọ̀ wo ló wà lẹ́nu rẹ̀ kí omi tó gba àyè rẹ̀. Kí ló sì dé tí ọkọ kò fi bu omi tirẹ̀?

Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí ìtàn yẹn ni mo bá wá: pé ìjà ló ń tú tọkọtaya ká, àti pé ilé tí ariwo kì í ti jáde ni ilé tó tòrò. Òun ló ń mú kí ẹni tó ń ṣayẹyẹ ogún ọdún ìgbéyàwó gba máìkì, kó ní, “Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, a ò jà rí,” kí gbogbo gbọ̀ngàn sì pàtẹ́wọ́. Irọ́ ni mo pè é. Ọ̀pọ̀ ilé ni irọ́ náà sì ti pa.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ìjà tí mò ń wí kì í ṣe ìgbájú ìgbámú o. Ọkùnrin tó ń na ìyàwó rẹ̀ kò bá a jà, ọ̀daràn ni. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣòfin lórí ìyẹn láti ọdún 2007, ìjọba àpapọ̀ náà sì ṣe tiẹ̀ lọ́dún 2015. Ẹni tí wọ́n ń lù, kó wá ibi ààbò lọ ná, kó má dúró ka ìwé mi tán. Gbólóhùn asọ̀ ni tèmi: ta ló ná owó gáàsì, kí ló dé tí ìyá rẹ kì í sọ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dé, irú fóònù wo lèèyàn ń tẹ̀ títí di ọ̀gànjọ́.

Ní àdúgbò tí mo gbé dàgbà n'Ìbàdàn, ilé méjì kọjú síra. Nínú èkíní, ọkọ ń tún mọ́tò ṣe, ìyàwó ń ta aṣọ. Àwa ọmọ àdúgbò mọ gbogbo ẹjọ́ wọn lórí, torí pé ojú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń rò ó. “Ẹ tún ti gbé ìwà ilé yín dé!” Ọkọ á fèsì, ìyàwó á fi kún un, ọkọ á binú jáde. Kò ní pẹ́ tí a ó fi gbọ́ ohùn ìyàwó náà lẹ́ẹ̀kan sí i: “Ẹ wá jẹun o. Ẹ má febi para yín nítorí tèmi.” Bàbá á wọlé. Ìgbà míì, ẹ̀rín la ó tún gbọ́.

Tíṣà ni ọkọ nínú ilé kejì. Àwọn ni gbogbo ìyá àdúgbò fi ń bá ọmọ wọn wí: ẹ wo tọkọtaya gidi. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, ìyàwó sì kó ẹrù rẹ̀ jáde pẹ̀sẹ̀. Ẹnu ya gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní ayé ló ṣe wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni mo bá obìnrin náà pàdé, mo sì bi í léèrè. Ó ní, “Ìjà kẹ̀? Ta ni mo fẹ́ bá jà? Ọdún mẹ́fà gbáko, bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní ‘ó dáa.’ Bí mo bá sunkún, á ní ‘ó dáa.’”

Ilé méjì kò tó láti fi dájọ́, ìyẹn dá mi lójú. Àmọ́ àwọn kan ti tọpa ilé tó pọ̀ ju méjì lọ. Lọ́dún 1981, tọkọtaya 168 ṣègbéyàwó ní àárín gbùngbùn ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, olùwádìí Ted Huston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bá wọn bọ̀ fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́tàlá. Ibi tí gbogbo ayé máa wò ni ibi ariwo: ta ló ń jà sí i lọ́dún dé ọdún? Ibòmíràn ni àmì náà jókòó sí. Láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, ìfẹ́ àwọn tó máa kọra wọn ti ń tutù. Ọ̀rọ̀ dídùn àti ìfọwọ́kàn ń dín kù, ọkàn wọn sì ń di méjì. Ìtutù yẹn ló ya àwọn tó ń lọ tú ká sọ́tọ̀ lára àwọn tó máa dúró.

Àwọn olùwádìí méjì mìíràn, John Gottman àti Lowell Krokoff, tún gbé ọ̀rọ̀ kan jáde lọ́dún 1989 tó yẹ kí gbogbo alága ìdúró mọ̀. Wọ́n rí i pé tọkọtaya tó ń bínú síra wọn, tí wọ́n ń takò ara wọn lójúkojú, kò láyọ̀ lásìkò ìjà náà. Ta ni ìjà ń dùn mọ́? Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà dé ọ̀dọ̀ wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìbínú yẹn kò ba ilé jẹ́. Àwọn tó ti jà á ni nǹkan ń sàn fún. Àwíjàre, orí kunkun àti fífi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìsọ ni wọ́n bá nídìí àwọn ilé tó bàjẹ́.

Nínú ohun mẹ́rin tí Gottman kà sí apanilé, èyí tó burú jù ni ẹ̀gàn, àwa Yorùbá sì mọ ẹ̀gàn débi pé a fún un ní iṣẹ́ ojú àti iṣẹ́ ẹnu. Ìyínmú ni. Òṣé ni. Ọkọ ń sọ bí ọ̀gá ṣe dójú ti òun níbi iṣẹ́, ìyàwó yí imú díẹ̀, ó pòṣé wẹ́ẹ́, ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Kò sí ohùn tó lọ sókè. Aládùúgbò kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn sọ pé “ohun tí o ṣe yìí dùn mí,” ọ̀tọ̀ sì ni kó fi imú sọ pé “kí ni a ó ti ṣe ìwọ náà sí.” Èkejì ni Gottman ń bẹ̀rù, kì í ṣe èkíní.

Òkìkí kan ń tẹ̀ lé Gottman kiri, pé bó bá wo tọkọtaya fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó lè sọ bóyá wọ́n máa kọra wọn, kó sì rí bẹ́ẹ̀ nígbà 94 nínú 100. Mi ò gbé ẹjọ́ mi lé ìyẹn o. Lọ́dún 2001, Richard Heyman àti Amy Slep fi hàn pé ara àwọn tọkọtaya tí wọ́n ti mọ ìgbẹ̀yìn wọn ni wọ́n ti fa irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ yọ, bí ẹni tó ta tẹ́tẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti ka èsì. Àsọtẹ́lẹ̀ lè jẹ́ àsọdùn. Ohun tí Gottman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí lójú tọkọtaya kò torí ìyẹn parẹ́.

Ẹ wo èyí tí Gottman àti Robert Levenson tẹ̀ jáde lọ́dún 2000, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọdún mẹ́rìnlá tẹ̀ lé tọkọtaya 79. Ìtúká oríṣi méjì ni wọ́n rí. Àwọn tí ẹ̀gàn àti ẹ̀sùn gba ilé wọn kan ń tú ká ní nǹkan bí ọdún márùn-ún sí mẹ́fà lẹ́yìn ìgbéyàwó. Àwọn tó kù kì í jà, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín. Nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó gbà wọ́n. Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ọdún yẹn, àwa ń fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ.

Kí ló wá ń kú nínú ilé bẹ́ẹ̀? Ohun kékeré ni, ó kéré débi pé ojú máa ń ti ènìyàn láti fi ṣẹjọ́. Ní Yunifásítì Washington ní ìlú Seattle, Gottman ṣe yàrá kan bí ilé gbígbé, ó fi kámẹ́rà sí i, tọkọtaya sì ń wá lo ọjọ́ kan níbẹ̀. Ìyàwó á wo ojú fèrèsé, á ní, “Wo ọkọ̀ ojú omi yẹn.” Ọkọ á gbójú sókè, tàbí kó má gbé e. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n wádìí àwọn tọkọtaya tuntun tó wá síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Àwọn tí wọ́n ṣì wà pa pọ̀ ti dá ara wọn lóhùn ní ìgbà 86 nínú 100. Àwọn tó ti pínyà, ìgbà 33 péré.

Ọkọ̀ ojú omi tiwa yàtọ̀. Oríkì ni. Ọkùnrin tó ń pe ìyàwó rẹ̀ ní Àbẹ̀kẹ́ lọ́dún tó fẹ́ ẹ, ẹ bi í pé ìgbà wo ló pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. “Màmá Ṣẹ́gun” ló kù. Oúnjẹ náà ni. Ìyàwó tó máa ń jókòó ti ọkọ, tó ń béèrè pé ṣé kí n bu ẹran sí i, ó ti wá ń fi àwo bo àwo sórí tábìlì, ó ti lọ sùn. Oúnjẹ wà. Iyọ̀ pé. Bí o bá kó ẹjọ́ náà lọ síwájú àgbà, wọ́n á bi ọ́ pé kí ló ṣe ọ́ gan-an, ìwọ náà á wá èsì tì.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ń ṣe wá ní jàǹbá nìyẹn. Ariwo ni etí ẹbí ń dúró dè. Bí ohùn bá lọ sókè, bàbá ìyàwó á ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ á wọkọ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á bẹ̀ wọ́n. Ta ló pe ìpàdé ẹbí rí torí pé tọkọtaya kan kò bára wọn rẹ́rìn-ín mọ́? Tó bá sì di ọjọ́ tí ẹnì kan bá kó ẹrù, a ó ní òjijì ni. Kì í ṣe òjijì. Olùwádìí Diane Vaughan, tó fọ̀rọ̀ wá ènìyàn 103 lẹ́nu wò fún ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1986, sọ pé àṣírí ni ìpínyà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì ti rí i pé ibẹ̀ kò rọ òun lọ́rùn mọ́, kò sọ. Ó ti wá ọ̀rẹ́ tó lè finú hàn, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá gbé. Ìgbà tí ẹnì kejì bá fi máa gbọ́, ẹni yìí ti sunkún tirẹ̀ tán. Òkú náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́, àwa ń ka ọjọ́ tí wọ́n túfọ̀ sí ọjọ́ tó kú.

Ẹ̀yin kan á ní Pennsylvania kì í ṣe Ìbàdàn. Mo gbà. Lọ́dọ̀ wa, ìyá ọkọ wà nínú ìgbéyàwó, àbúrò wà níbẹ̀, ilé ìjọsìn náà wà níbẹ̀. Èrò tó yí wọn ká pọ̀, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín fún èrò, nítorí náà ìdákẹ́jẹ́ tiwa tún rọrùn láti fi pamọ́ ju tiwọn lọ. Wọ́n á wọ aṣọ ẹbí kan náà lọ sí òde, wọ́n á jọ jó, wọ́n á jọ ná owó fún onílù, wọ́n á sì dákẹ́ nínú mọ́tò láti Ìbàdàn dé Èkó.

Àwọn mìíràn á ní àwọn mọ ilé tí ìjà tú. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ wo irú ìjà tó tú u: èébú ìdílé, àbùkù tí wọ́n fi ń kan ara wọn lójú ọmọ, kí wọ́n máa hú ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn síta bí òkú. Ẹ̀gàn tó wọ aṣọ ìjà nìyẹn. Ẹ mú un kúrò, ẹ fi ìjà sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin alága ìdúró àti alága ìjókòó, ẹ̀yin àǹtí tó ń fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ìtàn ìgò omi kúrò nínú ẹrù ìyàwó. Níbi ìdána tó kàn, ẹ pe ọkọ síwájú, ẹ ní kó pe oríkì ìyàwó rẹ̀, kó sì ṣèlérí pé bí ó bá di ogún ọdún, òun yóò ṣì máa pè é. Ìwọ ìyàwó tó bu omi sẹ́nu lánàá, lọ tu ú sí kòtò, kí o sì sọ fún ọkọ rẹ lálẹ́ yìí ohun tó ń dùn ọ́.