Ẹ Fún Wa Ní Ẹní Kí Ẹ Tó Ta Aṣọ Ẹbí Fún Wa

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ìyàwó ojú ọ̀nà, ẹ̀yin ọkọ ìyàwó, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa. Àwa ni ọmọ, àbúrò àti ọmọ ọmọ yín tí ń gbé Èkó. Àwa lẹ máa ń fi àwòrán léèsì ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp ẹbí nígbà tí ìgbéyàwó bá ku oṣù mẹ́ta, tí nọ́ńbà àkáǹtì á sì tẹ̀ lé e wẹ́rẹ́. Ẹ máa ń sọ àwọ̀ gèlè. Ẹ máa ń sọ iye owó. Ẹ máa ń sọ ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ ti wọlé. Láti ìgbà tí a ti ń ra aṣọ yìí, kò tíì sí ẹni tó bi wá rí pé, "Níbo lẹ máa sùn?"

Ohun tí a ń sọ kò le. Ẹbí tó bá pe èèyàn láti Èkó wá sí Ilé-Ifẹ̀ wá ṣe ìgbéyàwó, tí kò pèsè ibi tí wọn yóò sùn lálẹ́ Jímọ̀ àti lálẹ́ Sátidé, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ta aṣọ ẹbí fún wọn. Ó tán. Kí owó léèsì dúró ná, kí owó ẹní kọ́kọ́ jáde.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa, kí ẹ má baà rò pé ẹnu lásán là ń yá. Lóṣù Kejìlá tó kọjá, àwa mẹ́rìnlá wọ bọ́ọ̀sì kan ní Kétu láago mẹ́rin ìdájí Sátidé. Ago mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ sínú ìwé ìpè pé ìdáná yóò bẹ̀rẹ̀. Láti Èkó sí Ilé-Ifẹ̀ lé ní 200 kìlómítà, ẹni tó bá sì mọ ọ̀nà náà mọ̀ pé kìlómítà kọ́ là ń kà níbẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ là ń kà. A há sí Kárà. A tún há sí Ìbàfò. Nígbà tí a ó fi dé Ìwó Road ní Ìbàdàn, ago mẹ́sàn-án ti kọjá, fóònù sì ti ń dún kíkankíkan: "Ẹ ti dé ibo? Ìyá ìyàwó ń bèèrè yín o!" Lẹ́yìn Aṣéjire, kòtò. Níbi tí apá kan títì bá ti bàjẹ́, àwọn ọkọ̀ á ya sí apá kejì, wọ́n á wá máa forí ko ẹni tó ń bọ̀. A ò tiẹ̀ dúró ra dòdò ní Ìkirè. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà náà, ẹ mọ bí ìyẹn ṣe tó.

Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ago méjìlá lù nígbà tí a dé Lágéré. Alága ìjókòó ti gba gbogbo owó tó fẹ́ gbà, ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ tán, ìyàwó ti mú Bíbélì láàárín ẹrù. Inú bọ́ọ̀sì làwọn obìnrin wa ti pààrọ̀ aṣọ, tí àwọn ọkùnrin fi ìdí sẹ́yìn fún wọn. A jẹ ìrẹsì, a ya fọ́tò, a ná ìyàwó lówó, ago mẹ́fà lù, a tún wọ bọ́ọ̀sì. Dírẹ́bà tó ti jí láti ago méjì òru náà ló tún máa gbé wa padà sí Èkó.

Ká tó dé Aṣéjire, oorun gbé e lọ. Bọ́ọ̀sì kúrò lórí títì, ó wọgbó, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú. A mọ̀ pé bí ẹ ṣe ka gbólóhùn yẹn, àwọn kan nínú yín ti sọ pé "Ẹ ṣé Olúwa," wọ́n sì fẹ́ bá tiwọn lọ. Ẹ dúró ná. Eegun èjìká Àǹtí wa kan dá. Títí di bí a ṣe ń kọ èyí, wọn ò lè gbé apá sókè kí wọ́n fọwọ́ ara wọn we gèlè.

Èyí tó dùn wá jù rèé. Yàrá mẹ́ta wà nílé Bàbá Àgbà ní Ifẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sùn sí lọ́jọ́ náà. Wọn ò ṣófo o. Bákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kó sínú wọn, bákẹ́ẹ̀tì oníke tí wọ́n lẹ fọ́tò tọkọtaya mọ́ lára, èyí tí wọ́n fẹ́ pín fún àlejò. Bákẹ́ẹ̀tì sùn sínú yàrá, àwa sùn sínú koríko.

Ọ̀nà yìí kì í sì í ṣe èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rù. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, ikú tó ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ wà lára ohun tó mú un dìde, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi ní ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀. Abẹ́ Ọ̀yọ́ ni Ifẹ̀ ṣì wà nígbà náà, ọdún 1991 ni wọ́n tó dá Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀, òun náà ló kọ́kọ́ ṣe alága rẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ bí ọkùnrin yìí ṣe fẹ́ràn Ògún tó. Síbẹ̀, kò kàn ké sí Ògún pé kó máa ṣọ́ àwọn ọmọ náà, kóun sì lọ sùn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi àdúrà ìṣẹ́jú mẹ́wàá sìn wá jáde ní họ́ọ̀lù láago méje alẹ́, a mọrírì àdúrà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè gbàdúrà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè tẹ́ ẹní ní ìṣẹ́jú méjì.

Ẹnì kan á ní ká wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 dára, a ti wọ̀ ọ́. Mọ́níyà ló ń já èèyàn sí. Èyí tí ìjọba òyìnbó ṣe láyé ọjọ́sí náà gba Ìbàdàn lọ sí Òṣogbo ni, kò ya Ifẹ̀. Títì náà ló kù.

Kì í ṣe báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Àwọn ìyá wa ló sọ fún wa pé láti Ọjọ́bọ̀ ni àlejò ti máa ń dé. Àwọn ìyàwó ilé á ti lọ ata sílẹ̀, aládùúgbò á ti yọ̀ǹda yàrá kan, wọ́n á tẹ́ ẹní láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí dé ẹ̀yìnkùlé. Wọn kì í tètè sùn lóòótọ́, torí alẹ́ àìsùn ìyàwó ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sùn ń jó ni, kì í ṣe ọkọ̀ ló ń wà. Lónìí, a ti fi àìsùn dírẹ́bà rọ́pò àìsùn ìyàwó. Ní Ifẹ̀ ńkọ́, Ifẹ̀ Oòdáyé! Ìlú tí gbogbo Yorùbá ń sọ pé ibẹ̀ làwọn ti ṣí wá. A padà délé, ẹ ò jẹ́ ká sùn mọ́jú.

Àwọn kan ti sọ fún wa pé, "Bó bá le tó bẹ́ẹ̀, ẹ jókòó sílé, ẹ fowó ránṣẹ́, ẹ wò ó lórí fóònù." A ti wo ìgbéyàwó lórí fóònù rí ní 2020, nígbà kónílé-ó-gbélé. A rí aṣọ ìyàwó dáadáa. A ò rí àbúrò bàbá wa tó máa ń fi oríkì kálukú pè é. Níbi ìgbéyàwó kan ní Ifẹ̀ yìí kan náà ni ọ̀kan nínú wa ti mọ̀ pé ọmọkùnrin tóun ń bá sọ̀rọ̀ lórí Instagram, ọmọ ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà òun ni! Ta ló máa sọ ìyẹn fún un lórí fóònù? A fẹ́ wá. Ìdí tí a fi ń bínú nìyẹn.

Ẹ ó ní kò sówó. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Léèsì ìgbéyàwó yẹn jẹ́ ₦45,000, láìka gèlè mọ́ ọn, èèyàn 60 ló sì rà á nínú ẹbí wa. Ká ní ẹ mú léèsì ₦40,000, kí ẹ fi ₦5,000 tó kù sílẹ̀, ₦300,000 nìyẹn. Yóò ra ẹní, yóò ra oògùn ẹ̀fọn, yóò ra epo jẹnẹrétọ̀, yóò sì ṣẹ́ kù tí a ó fi gba yàrá. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wà ní ìsinmi, ẹ lọ sí Asherifa tàbí Damico, ẹ wo iye yàrá tó wà ní títì pa. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní 2023, owó ọkọ̀ nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó aṣọ fún wa. Ẹni tó san méjèèjì ò yẹ lẹ́ni tí ẹ ń lé jáde pẹ̀lú take-away lọ́wọ́.

Àwa náà jẹ̀bi, a ò ní purọ́. Àwọn kan wà láàárín wa tó ń ní àwọn ò lè sùn sórí ẹní, pé ẹ̀fọn pọ̀, pé kò síná. Àwọn yìí kan náà ló lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní àgọ́ NYSC! Àwọn mìíràn ò tọrọ àyè Jímọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn rí, torí wọ́n mọ̀ pé fọ́tò nìkan làwọn fẹ́ wá yà. Ẹ fi àwọn yẹn sílẹ̀ fún wa, a ó bá wọn wí.

Ìgbéyàwó mìíràn ti ń bọ̀ ní Ifẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwòrán léèsì àwọ̀ ewé wọlé sórí WhatsApp, nọ́ńbà àkáǹtì sì tẹ̀ lé e. A dáhùn pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ẹ kú ìmúra o. Níbo la máa sùn?" Ọjọ́ méjì gbáko, kò sẹ́ni tó fèsì. Lọ́jọ́ kẹta, Bọ̀ọ̀dá kan kọ ọ́ pé àwọn ọmọ Èkó ti di aláìlẹ́kọ̀ọ́, èèyàn mẹ́rin sì fi àtàǹpàkò sí i. Alẹ́ ọjọ́ náà ni Mọ́mì ìyàwó pè wá fúnra wọn. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin mélòó lẹ ń bọ̀?" A ní àwa mẹ́rìnlá ni, mà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní ká fún àwọn di ọ̀la, àwọn fẹ́ lọ wo yàrá tí wọ́n kó bákẹ́ẹ̀tì sí. Owó léèsì ṣì wà lọ́wọ́ wa.